Hilux Tí Ìdí Rẹ̀ Jókòó: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Sípíríǹgì Ẹ̀yìn

Ọkọ̀ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ni Toyota Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin kan, fóò-báì-fóò, tí wọ́n ṣe ní 1994, tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísù oní-lítà 2.8. Ákísù gbọọrọ, ìyẹn irin ńlá tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, ló wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Sípíríǹgì elewé, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ títẹ̀ tí a tò léra, tí a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ewé, ló sì gbé e ró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oníṣòwò kòkó kan ní Àkúrẹ́ ló ni ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti rà á ní tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń wọ àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn òkè Ìdànrè, níbi tí ọ̀nà kò ti ní ọ̀dà, tí àgbàrá òjò sì ti gbẹ́ ojú ilẹ̀ di kòtò, tó ń kó kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wá sí ilé ìkẹ́rùsí nígboro. Oṣù keje ni wọ́n gbé e wá sí ibi iṣẹ́ mi, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ tí kòkó kò sì tíì pọ̀, kí a lè parí iṣẹ́ lára rẹ̀ kí ìkórè ńlá ti oṣù kẹwàá tó wọlé.

Ojú lásán ti tó láti rí i pé ìdí rẹ̀ ti jókòó. Imú rẹ̀ gbé sókè bí ìgbà tí wọ́n bá di ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àpò kòkó kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sì lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an yóò rí i pé apá ọ̀tún lọ sílẹ̀ ju apá òsì lọ.

Bàbá tó ni ọkọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ẹ fi ewé kan kún ti ọ̀tún, kí n máa lọ."

Mo ní, "Bàbá, a óò gbé e sókè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á wálẹ̀."

Awakọ̀ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń wa ọkọ̀ náà láti ọdún mẹ́ta, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ ohun méjì tí Bàbá kò kà sí ọ̀rọ̀ sípíríǹgì rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá tanná lálẹ́, orí igi ni iná yẹn ń lọ. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló máa ń ṣẹ́ná mọ́ mi." Èkejì ló wúwo jù lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ọkọ̀ sì ṣófo, ó tẹ bíréèkì ní ìsọ̀kalẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìdànrè, ni táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá dì, tí wọn kò yí mọ́, ìdí ọkọ̀ sì fẹsẹ̀ yọ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síbi tó ti ń bọ̀. Inú koríko ló dúró sí. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fara pa, tí ọkọ̀ kò sì kọlu ohunkóhun, wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó wà lábẹ́ irú Hilux bẹ́ẹ̀, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, nítorí àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nídìí iṣẹ́ sípíríǹgì ni pé ojú ni a fi ń ṣe é: a wò ó, a rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtì. A gbé ọkọ̀ náà sórí kọnkéré tó tẹ́jú, a fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, a mi ìdí ọkọ̀ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta kí sípíríǹgì lè dúró síbi tó bá fẹ́ dúró sí, lẹ́yìn náà ni mo wọ abẹ́ rẹ̀. N kò wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí bọ́dì, nítorí táyà tó ti jẹ, tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín, lè tan ènìyàn jẹ. Àlàfo tó wà láàárín ákísù àti rọ́bà abẹ́ ṣaásì (ṣaásì ni egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró), rọ́bà tí ákísù máa ń kọlù bí ẹrù bá pọ̀ jù, ni mo wọ̀n. Ní òsì, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.5. Ní ọ̀tún, ó jẹ́ 2.5. Rọ́bà ti ọ̀tún ti le, ó ti sán, ojú irin ákísù tó dojú kọ ọ́ sì ń dán. Ó hàn gbangba pé wọ́n ti ń gbá ara wọn tipẹ́.

Mo tún wo ṣákù, ìyẹn irin méjì tó fi ìparí sípíríǹgì rọ̀ mọ́ ṣaásì lẹ́yìn. Sípíríǹgì tó bá tẹ̀ bí ọrun kì í gùn láti ojú kan dé ojú kejì. Bó bá ṣe ń nà sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń gùn sí i, ẹ̀yìn sì ni gígùn náà ń lọ, tí yóò máa ti ṣákù. Ṣákù ti òsì fì sẹ́yìn díẹ̀. Ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Kí n má baà di gbogbo ẹ̀bi ru sípíríǹgì láìwádìí, mo fi okùn wọn ṣaásì láti igun dé igun, n kò sì rí ibi tó ti wọ́.

Nígbà náà ni mo wá bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe sí i tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, wọ́n tú sípíríǹgì méjèèjì lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan. Ó ki ewé kọ̀ọ̀kan bọ iná, ó fi ọmọ owú lù ú títí ó fi tẹ̀ padà, ó sì tì í bọ omi. Ọkọ̀ náà ga dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́ta tó tún fi jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹkáníìkì mìíràn gé ewé kan lára sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ó sì fi kún ti ọ̀tún nìkan, nítorí ọ̀tún ló lọ sílẹ̀ jù. Èyí gbé wọn dé bí oṣù mẹ́fà. Wọ́n ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì, àìsàn kan náà ló tún gbé ọkọ̀ wá.

Kì í ṣe àdììtú pé ọ̀tún ló ń ṣàìsàn jù. Láti 1972 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún ni táyà ọ̀tún ti ń tọ etí ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti dagun sí gọ́tà, tí kòtò sì ti jìn jù. Bí ọkọ̀ bá fì síbẹ̀, ẹrù náà fì síbẹ̀ ni. Ní ọ̀nà abúlé tí àgbàrá ń gbẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, èyí tún burú sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú títú, a fi dísù rin gbogbo nọ́ọ̀tì tó di yú-bóòtì mú, ìyẹn bóòtì títẹ̀ tó de sípíríǹgì mọ́ ákísù, àti àwọn bóòtì tó gba inú búṣì kọjá, ìyẹn rọ́bà tó wà nínú ihò ìparí sípíríǹgì. Lọ́jọ́ kejì, a gbé ṣaásì sórí ẹsẹ̀ irin méjì tó dúró gbọn-in, jáàkì sì wà lábẹ́ ákísù láti máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi kankan wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Bóòtì ṣákù ọ̀tún ti pẹtà mọ́ irin inú búṣì rẹ̀. Ayùn irin ni a fi gé e, ó sì gbà wá tó wákàtí kan, nítorí n kò fẹ́ kí wẹ́dà gbé iná wá sí ìtòsí páìpù epo àti páìpù bíréèkì. Nígbà tí a fẹ́ ya àwọn ewé sọ́tọ̀, a fi fáìsì fún wọn pọ̀ kí a tó tú bóòtì àárín tó gún gbogbo wọn pọ̀, a sì wá ń dẹ fáìsì náà díẹ̀díẹ̀. Ewé tó wà lábẹ́ ìfúnpọ̀ lè ta sókè kó sì fọ́ eyín ènìyàn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Láti òde, sípíríǹgì ọ̀tún pé pérépéré, nítorí irin pẹlẹbẹ tó ká àwọn ewé mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló bo ibi tó bàjẹ́. Nígbà tí a yọ ọ́, ewé kẹta já sí ọ̀nà méjì lọ́wọ́ wa. Ewé àfikún tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi iná gé, wọn kò sì fi fáìlì ra etí rẹ̀, torí náà igun rẹ̀ mú bí ẹnu ọkọ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò ni igun yẹn ń há ikùn ewé kẹta, títí ó fi gbẹ́ ìlà kan sí i, tó tẹ̀ díẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lójú ìlà yẹn gan-an ló ti ṣẹ́. Mo gbé e síta sínú oòrùn kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lè rí i dáadáa: ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ibi tó ṣẹ́ ti pọ́n fún ìpẹtà, ìyókù sì funfun bí fàdákà. Èyí túmọ̀ sí pé ewé náà ti sán láti ọjọ́ pípẹ́, tí omi àti eruku ti ń wọ inú rẹ̀, díẹ̀ tó kù ló sì ń gbé ẹrù títí ó fi já ní àìpẹ́ yìí.

Mo fi kálípà wọn nínípọn wọn. Àwọn ewé tí ọkọ̀ náà bá wáyé nípọn tó mìlímítà 7, àfikún náà sì jẹ́ 10. Ó lè dà bíi pé mìlímítà 3 kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n líle ewé kì í tẹ̀ lé nínípọn rẹ̀ ní ìpele kan náà. Bí fífẹ̀ àti gígùn bá dọ́gba, nínípọn náà lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ni a fi ń mọ líle. 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 jẹ́ 343. 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10 jẹ́ 1,000. Ewé kan ṣoṣo náà le tó nǹkan bí ewé mẹ́ta nínú àwọn tó bá níbẹ̀, wọ́n sì tún gé e kúrú, èyí tó mú kí ó le sí i. Bí àwọn yòókù bá ń tẹ̀, òun kì í tẹ̀. Orí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́po. Wọ́n fẹ́ fi ran sípíríǹgì lọ́wọ́, ó sì di ọ̀bẹ tó ń gé e.

Mo wá ṣàlàyé fún Bàbá ohun tí mo gbà pé òun ni ìdí ọ̀rọ̀ gbogbo. Gíga ọkọ̀ lọ́tọ̀, líle sípíríǹgì lọ́tọ̀. Títẹ̀ tí ewé tẹ̀ bí ọrun ló ń fún ọkọ̀ ní gíga. Nínípọn ewé, fífẹ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti iye rẹ̀ ló ń fún un ní líle. Ẹni tó bá tẹ ewé padà láìfi ewé kún un ti dá gíga padà, kò sì fi agbára kankan kún un. Ẹni tó bá fi ewé líle kún un láìwo títẹ̀ rẹ̀ ti fi líle kún un, ṣùgbọ́n ó lè máà dá gíga padà bó ṣe yẹ. Alágbẹ̀dẹ ṣe èkínní, mẹkáníìkì ṣe èkejì, kò sì sí ẹni tó béèrè èwo nínú méjèèjì ni ọkọ̀ náà nílò.

Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ yìí yẹ kí n dúró lé lórí, nítorí n kò fẹ́ kí a fi ojú òpè wò wọ́n. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn alágbẹ̀dẹ mọ irin sípíríǹgì ju ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì lọ. Ewé sípíríǹgì àlòkù ni wọ́n fi ń rọ àdá àti ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń lò, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó le, ó sì ń gba ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tí àdá ń fẹ́ kọ́ ni sípíríǹgì ń fẹ́. Irin tí wọ́n fi ń ṣe sípíríǹgì ní èròjà kábọ́ọ̀nù tó nǹkan bí 0.6 nínú 100, ó sì sábà máa ń ní kúrómíọ̀mù àti máńgáníìsì. Nílé iṣẹ́ tó ń ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ mú un gbóná títí yóò fi pọ́n, ní nǹkan bí 850 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, wọ́n á tì í bọ epo kó lè le, wọ́n á sì tún mú un gbóná lẹ́ẹ̀kejì, ní ìwọ̀n tó kéré sí ti àkọ́kọ́, ní nǹkan bí 450 sí 500, kí líle náà má baà di gígan tó ń fọ́ bí àwo. Ìgbóná ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń fún ewé ní ìwà sípíríǹgì, ìyẹn ni pé yóò tẹ̀, yóò sì padà. Nídìí ewìrì, níbi tí ojú nìkan ti ń wọn iná, ẹnu ewé lè pọ́n kí àárín rẹ̀ má tíì pọ́n. Ibi tó bá gbóná jù tí kò sì tutù kíákíá á rọ̀; ibi tí omi bá gbá mú lójijì á gan. Ewé tó rọ̀ ló ń jókòó ní oṣù mẹ́ta. Ewé tó gan a máa ṣẹ́. Bí a bá rí alágbẹ̀dẹ tó ní ààrò tó gùn tó ewé náà, tó sì ní ohun tó fi ń wọn ìgbóná, n óò gbé iṣẹ́ fún un láìjanpata. N kò tíì rí irú rẹ̀ ní àdúgbò wa.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan ń gbà. Wọ́n lè ki búlọ́ọ̀kù irin sí àárín ákísù àti sípíríǹgì, tàbí kí wọ́n lo ṣákù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Méjèèjì á gbé ìdí ọkọ̀ sókè ní wákàtí méjì, owó wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ewé tó ti sán á ṣì wà níbẹ̀, Bàbá á rí i pé ọkọ̀ ga, wọ́n á sì di àpò 20 sí i. Mo kọ̀ ọ́.

Ibi tí àríyànjiyàn ti wáyé díẹ̀ ni ti apá òsì. Bàbá béèrè ohun tó fà á tí wọn yóò fi ra méjèèjì nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ló ṣẹ́. Mo tẹ́ sípíríǹgì òsì sílẹ̀, mo ta okùn láti ojú kan dé ojú kejì, mo sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ewé àgbà, ìyẹn èyí tó gùn jù lókè. Alágbẹ̀dẹ kan náà ló ti ki òun pẹ̀lú bọ iná. Bí a bá fi tuntun sí ọ̀tún kan ṣoṣo, òsì ni yóò di èyí tó lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á sì máa fì lọ sí apá kejì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó yé mi. Ẹ lọ ra méjèèjì."

Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, l'Ékòó, ni mo lọ, nítorí tòkunbọ̀ Hilux pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi tí mo mọ̀ lọ. Ohun tí mò ń wá ni méjì tó jáde lára ọkọ̀ kan náà, tí ewé wọn fẹ̀ tó mìlímítà 60 bíi ti wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ki bọ iná rí. Èyí tó ti wọ iná kò ṣòro láti dá mọ̀: àmì òòlù á wà lára rẹ̀, títẹ̀ rẹ̀ kì í sì í lọ geere, yóò ní orúnkún. Mo kọ méjì sílẹ̀ nítorí èyí. Ẹ̀kẹta tí wọ́n mú wá jáde lára Hilux onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe fún ẹrù, ewé rẹ̀ sì fi ẹyọ kan ju ti wa lọ, gbogbo wọn ní nínípọn kan náà, etí wọn sì rí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́. Mo fi ikùn kan ko ikùn kejì láti mọ̀ bóyá títẹ̀ wọn dọ́gba. Wọ́n dọ́gba.

N kò gbà wọ́n tán síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé, a tú wọn, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ewé títí irin fi hàn, a sì fi kẹrosíìnì pa wọ́n lára, a jẹ́ kí ó wọlé fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn èyí ni a nù wọ́n gbẹ fínnífínní, a lọ ẹfun tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ̀wé sí pátákó, a sì fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pa ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ewé bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì tó ti wọ inú ibẹ̀ á jáde díẹ̀díẹ̀, á sì fa ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sára ẹfun náà. Gbogbo ewé ló funfun láìlábàwọ́n, àfi ọ̀kan nínú àwọn kúkúrú, tí ìlà kan tó bí èékánná hàn lẹ́bàá ihò bóòtì àárín rẹ̀. Ojú lásán kò rí i, ìka kò sì mọ̀ ọ́n. A ju ewé yẹn dà nù, a sì fi èyí tó dára nínú àwọn kúkúrú tí wọ́n mú wá pẹ̀lú sípíríǹgì mìíràn rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, tó sì ṣe pààrọ̀ láìjà.

Nígbà tí a ń tò wọ́n padà, a kun ewé ní ọ̀dà, a sì fi gíríìsì dúdú díẹ̀ sí ẹnu kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti ń fara ra èyí tó wà lókè rẹ̀. Búṣì tuntun ni a fi síbi gbogbo, omi ọṣẹ ni a sì fi ki wọ́n wọlé, nítorí gíríìsì àti epo máa ń jẹ rọ́bà. Yú-bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ tuntun pẹ̀lú; èyí tí a ti fún rí ti nà, n kì í dá a padà. A rí i dájú pé orí bóòtì àárín jókòó sínú ihò rẹ̀ lórí ákísù kí a tó fún ohunkóhun, a sì fún nọ́ọ̀tì mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi le bákan náà.

Ìgbésẹ̀ kan wà tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Bóòtì tó gba inú búṣì kọjá kò yẹ kó di fífún pátápátá nígbà tí ákísù ṣì ń fì rọ̀ lókè. Rọ́bà búṣì máa ń dì mọ́ ibi tí a bá ti fún un. Bí a bá fún un lókè tí a sì wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà á lọ́, á sì wà ní lílọ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi ya. A sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, a mi ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a tó fún un parí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bíréèkì tí awakọ̀ sọ. Lábẹ́ irú Hilux yìí, fáàfù kan wà lára ṣaásì tó ń pín agbára bíréèkì fún ẹ̀yìn, ọ̀pá kan sì so ó mọ́ ákísù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ìgbà tí ẹrù wà nínú ọkọ̀ àti ìgbà tí kò sí. Bí ẹrù bá wọlé, ṣaásì á súnmọ́ ákísù, ọ̀pá náà á tẹ̀ sókè, fáàfù á sì jẹ́ kí bíréèkì púpọ̀ lọ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, tí ìdí rẹ̀ sì ga, yóò dín in kù, nítorí táyà ẹ̀yìn tí kò ní ẹrù lórí kì í gba bíréèkì púpọ̀ kó tó dì. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ ti jókòó ń purọ́ fún fáàfù yìí. Ó ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé àpò kòkó kún ẹ̀yìn nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó gbé ọmọ yẹn wọ inú koríko nìyẹn; kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà, mo sì sọ fún Bàbá lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹnìkan sì ti fi wáyà di ọ̀pá náà sókè tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí pé ó ń dún. A gé wáyà náà, a sì to ọ̀pá náà sí bó ṣe yẹ ní gíga tuntun. Lẹ́yìn náà, mo gbé ọkọ̀ lọ sí pápá oníyanrìn kan tí kò sí ènìyàn, mo tẹ bíréèkì pinpin ní eré kékeré, ọmọ iṣẹ́ mi sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ó ń wo táyà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí táyà iwájú dì kí ti ẹ̀yìn tó dì. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló ṣáájú. A yí nọ́ọ̀tì ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tọ́. Nítorí pé sípíríǹgì tuntun le ju ti ilé iṣẹ́ lọ fún ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, kì í lọ sílẹ̀ púpọ̀ bí ẹrù bá wọlé, fáàfù náà kò sì ní rí ẹrù tó bó ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀. Torí náà a tún di ẹrù sí i, a sì dán an wò lẹ́ẹ̀kejì kí n tó gbà pé ó tó.

Iná iwájú kò gba àkókò. A gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri ní ìrọ̀lẹ́, a sì rí i pé iná náà ti padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó gbé sókè. Díẹ̀ ni a yí.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, àlàfo òsì wá di sẹ̀ǹtímítà 10.5, ti ọ̀tún sì di 10. Pẹ̀lú àpò 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kìlógíráàmù 64, ìyẹn 896 lápapọ̀, ó lọ sí 4 ní òsì àti 3.5 ní ọ̀tún, rọ́bà abẹ́ ṣaásì kò sì kan ákísù níbi tó ti bọ́ sí kòtò tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Àpò 20 tí wọ́n ń kó tẹ́lẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 1,280, wọn kò sì ṣe ọkọ̀ náà fún un, iye ewé yòówù kó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá fẹ́ ká parí rẹ̀ sí 18. Mo ní, "Bàbá, ṣaásì kò ní ewé tí a lè fi kún un. Bí ó bá ṣẹ́, kò sí Ládípọ̀ tí n óò lọ." Àpò 14 ni a fẹnu kò sí fún ọ̀nà abúlé, pẹ̀lú àdéhùn pé bí iye àpò kò bá pín sí méjì dọ́gba, apá òsì ni wọn yóò ti máa to èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn ìrìn àjò ẹlẹ́rù àkọ́kọ́, a tún yú-bóòtì fún. Méjì nínú nọ́ọ̀tì mẹ́jọ gba ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan. Lẹ́yìn bí 500 kìlómítà a tún wò wọ́n, wọn kò yí mọ́. Nígbà tí awakọ̀ gbé e padà wá ní ìparí oṣù kẹsàn-án, àlàfo òsì jẹ́ 10, ọ̀tún 9.5. Méjèèjì lọ sílẹ̀ ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, èyí tí mo retí lẹ́yìn títò tuntun, wọ́n sì lọ bákan náà. Ó ní bíréèkì kò tíì dì lẹ́yìn rí láti ìgbà náà, òjò sì ti rọ̀ dáadáa láàárín rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ọkọ̀ ń fò díẹ̀ bí ó bá ṣófo, òótọ́ sì ni. Sípíríǹgì tí a ṣe fún ẹrù kì í sùn bí kò bá sí ẹrù. Mo ní kó dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù díẹ̀ bí ó bá ń lọ láìlẹ́rù, kó sì rántí dá a padà kó tó dì í.

Nísinsin yìí tí ẹ̀yìn ti ga bó ṣe yẹ, ti iwájú ló wá hàn pé ó lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní apá òsì, níbi tí awakọ̀ ń jókòó. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé: sẹ̀ǹtímítà 1.5 ló fi yàtọ̀ sí ọ̀tún. Bàbá ní ká fi í sílẹ̀ títí ìkórè yóò fi parí, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé a tú ìdè àwọn ewé iwájú wò, a fi ẹfun pa wọ́n, kò sì sí èyí tó sán nínú wọn. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni a dá fún un.